Oko alálòpẹ́ létí igbó ọba: bí a ṣe ń tọ́jú ilẹ̀ àti àwọn ọmọ IT

Oko tó fara ti igbó ọba kì í ṣe oko lásán. Igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn la fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 130,000 hẹ́kítà, UNESCO ti kà á mọ́ àwọn igbó pàtàkì àgbáyé láti ọdún 1977, erin sì ṣì ń bẹ nínú rẹ̀. Iná tí ẹ bá dá létí irú igbó bẹ́ẹ̀, irúgbìn tí ẹ bá gbìn, ìdọ̀tí tí ẹ bá dà nù, gbogbo rẹ̀ ló lè wọ inú igbó lọ. Nítorí náà, ìbéèrè kan ni kí ẹ máa fi wọn gbogbo iṣẹ́: ṣé èyí yóò fún ẹnikẹ́ni ní ìdí láti wọ igbó lọ mú nǹkan, àbí yóò mú ìdí náà kúrò? Bí oúnjẹ, igi ìdáná, ọ̀pá ìdúró ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti owó ọbẹ̀ bá ń ti inú oko jáde, igbó á sinmi.

Kí àdá tó kan koríko, ẹ rí i dájú pé ilẹ̀ náà wà lẹ́yìn ààlà igbó ọba, tàbí pé ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń ṣàkóso igbó ti fọwọ́ sí i lórí ìwé. Kí aṣọ́gbó bá yín rin ààlà náà. Ẹ ri òpó kan mọ́lẹ̀ ní gbogbo mítà 25, ẹ kun orí rẹ̀ ní ọ̀dà funfun, kí ẹ sì máa tún un rìn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ààlà tí ẹnikẹ́ni ò rìn fún ọdún kan, koríko á bo òpó rẹ̀, oko á sì sún wọ igbó láìjẹ́ pé ẹnì kan ní in lọ́kàn.

Oko etílé, oko egàn

Àwọn ará Ọsirélíà méjì, Bill Mollison àti David Holmgren, ló sọ ọ̀nà ìdáko alálòpẹ́ ní permaculture ní àwọn ọdún 1970: oko tí igi, ẹran, omi àti ènìyàn ti ń gbé ara wọn ró, tí kò béèrè pé ká máa ṣán igbó tuntun lọ́dọọdún. Wọ́n pín ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń dé ibẹ̀ sí. Èyí kò ní ṣàjèjì sí àgbẹ̀ Yorùbá, torí ó ti pẹ́ tí a ti ń ya oko etílé sọ́tọ̀ sí oko egàn, tí àkùrọ̀ náà sì ní ìgbà tirẹ̀. Ohun tó kù ni kí ẹ ya á sórí ìwé kí ẹ tó gbin ohunkóhun.

Láàárín mítà 30 sí ilé ìdáná ni kí ẹ fi ohun tí ọwọ́ ń kàn lójoojúmọ́ sí: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ata, nọ́sìrì igi, ilé adìyẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ, òkìtì ajílẹ̀ àti ilé ewúrẹ́. Ewúrẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ kiri rárá. Ilé ni yóò wà, ewé ni a ó máa gé wá bá a. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti iṣu tẹ̀ lé e, kòkó tó wà lábẹ́ igi ńlá sì kángun sí ìpẹ̀kun.

Ibi tí ọ̀pọ̀ oko ti ń ṣìṣe ni mítà 20 tó kẹ́yìn, níbi tí oko ti pàdé igbó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ òyìnbó tí ẹ bá gbìn síbẹ̀, ẹ ti tẹ́ tábìlì fún erin, ọ̀bọ àti ọ̀yà. Erin tó bá ti mọ adùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín á padà wá, ibẹ̀ sì ni ìjà ènìyàn àti erin ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹranko kì í fẹ́ ni kí ẹ fi há etí igbó: ata wẹ́wẹ́, àtalẹ̀, ewúro. Ní Kẹ́ńyà, wọ́n máa ń fi okùn wáyà so ilé oyin pọ̀ yí oko ká, ní mítà 10 síra, torí erin kì í fẹ́ ariwo oyin. Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ilé oyin tó ṣófo kò lé nǹkan kan. Bí erin bá sì wọ oko, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lu páànù tàbí ju òkò sí i. Ẹ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ẹ pe aṣọ́gbó.

Fún oko tí òṣìṣẹ́ méjì àti ọmọ IT mẹ́fà (akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ìwé rán wá kọ́ṣẹ́) ń tọ́jú, hẹ́kítà kan ààbọ̀ tó. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, koríko ni yóò gbà á lọ́wọ́ yín nígbà tó bá di oṣù kẹfà.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀

Òjò ilẹ̀ igbó kì í rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó lè da omi tó pọ̀ sílẹ̀ láàárín wákàtí kan, ilẹ̀ tí a ṣán sílẹ̀ lásán á sì bá a lọ. Ẹ wá ìlà tó dọ́gba lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́, kí ẹ lè gbin nǹkan ní ìbú sí ọ̀nà omi. Ẹ̀rọ olówó ńlá kò pọn dandan. Ẹ mú ọ̀pá méjì tó gùn ní mítà méjì, ẹ kan orí wọn pọ̀, kí ẹsẹ̀ wọn sì ya síra. Ẹ fi ọ̀pá kẹta dábùú àárín wọn, kí ó dà bí lẹ́tà A. Ẹ so okùn tó ní òkúta ní ìdí mọ́ orí rẹ̀, kí okùn náà máa gba iwájú ọ̀pá àárín kọjá.

Ẹ gbé e dúró, ẹ kan èèkàn síbi tí ẹsẹ̀ méjèèjì wà, ẹ fi bírò sàmì síbi tí okùn ti kan ọ̀pá àárín. Ẹ wá yí i padà, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sí èèkàn òsì, kí tòsì bọ́ sí tọ̀tún, ẹ tún sàmì. Ààrin àmì méjèèjì gan-an ni ibi tí okùn gbọ́dọ̀ wà bí ilẹ̀ bá dọ́gba. Láti ìgbà yẹn, ẹ máa gbé ẹsẹ̀ kan lé iwájú èkejì, kí ẹ máa ri èèkàn mọ́lẹ̀ níbi gbogbo tí okùn bá ti kan àmì àárín. Ẹ má ṣe é nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́; okùn á máa mì, ìlà yín á sì wọ́.

Lórí ilẹ̀ tó rọra dà, ẹ lè gbẹ́ yàrà sójú ìlà náà: ìbú rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 50, jíjìn rẹ̀ 40, kí ẹ da iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kì í ṣe sí òkè. Ní gbogbo mítà 20, ẹ dín orí ebè náà kù ní sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ tẹ́ òkúta síbẹ̀ kí omi tó bá kún rí ọ̀nà gbà láìya ebè. Yàrà tí kò ní ọ̀nà àbáyọ yìí ló sábà máa ń ya lọ́jọ́ òjò ńlá, omi tó bá sì ti ibi kan ṣoṣo jáde á gbẹ́ kòtò tí ẹ kò ní lè dí lọ́dún yẹn. Bí ilẹ̀ bá ń ga ju mítà 15 lọ nínú mítà 100, ẹ má gbẹ́ yàrà rárá. Ọgbà àgúnmániyè ni kí ẹ fi sójú ìlà. Ẹ gé ẹ̀ka tó nípọn tó ọrùn ọwọ́ ní mítà kan ààbọ̀, ẹ rì í sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, ní ìdajì mítà síra, nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Ẹ fi ọ̀pẹ òyìnbó dí àlàfo wọn, bí ibẹ̀ bá ti jìnnà sí igbó. Láti ọdún kejì ni ẹ ó ti máa gé àgúnmániyè náà ní mítà kan sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lákòókò òjò. Ewé rẹ̀ tètè ń jẹrà, iṣu àti àgbàdo sì ń jẹun lára rẹ̀.

Ẹnì kan lè gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbin Leucaena dípò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ létí igbó ọba. Irúgbìn rẹ̀ pọ̀ jù, ó sì ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ igi ìbílẹ̀.

Omi mímu ńkọ́? Òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 5, ń gba lítà 500 nínú òjò tó jẹ́ mìlímítà 10. Ẹ ka 400 sí èyí tó máa dé inú tánkì. Ẹ jẹ́ kí lítà 25 àkọ́kọ́ ṣàn dànù, torí òun ló ń fọ ìgbẹ́ ẹyẹ àti eruku kúrò lórí páànù, kí ẹ sì ṣe omi náà híhó kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Omi tí a fi fọ abọ́ ní tirẹ̀, ẹ darí rẹ̀ sí kòtò ọ̀gẹ̀dẹ̀: kòtò roboto tó fẹ̀ ní mítà méjì, tó jìn ní mítà kan, tí ẹ rọ koríko àti ìtì igi kún títí yóò fi ga ju ilẹ̀ lọ, tí ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ márùn-ún yí ẹnu rẹ̀ ká. Bí omi bá hàn lójú kòtò náà, ẹ̀fọn á bí síbẹ̀. Ẹ rọ koríko kún un sí i.

Ilẹ̀ tí a kò dáná sun

A kì í sun pàǹtí lóko yìí. Ohun tí a ṣán, ibi tí a ti ṣán an ló ń gbé. Ewé Akíntọ́lá máa ń yọ òdòdó ní nǹkan bí oṣù kejìlá, afẹ́fẹ́ sì ń gbé irúgbìn rẹ̀ lọ jìnnà, nítorí náà kí oṣù kẹwàá tó parí ni kí ẹ ti ṣán an, kí ẹ tẹ́ ẹ sídìí igi. Ẹ má fi kan èèpo igi. Ẹ fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ kí ikán má baà gba abẹ́ rẹ̀ gun igi.

Níbi tí ẹ̀kan bá ti gba ilẹ̀, ọkọ́ nìkan kò lè lé e lọ, torí gbòǹgbò tí ẹ bá gé sí wẹ́wẹ́ á tún hù lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Mùkúnà, ìyẹn ẹ̀yà wẹ́rẹ̀pẹ̀ tí kì í yún ara, ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ orílẹ̀-èdè Benin ti fi ṣe é ní agbègbè Mono láti ìparí àwọn ọdún 1980. Ẹ tẹ ẹ̀kan náà lulẹ̀ tàbí kí ẹ ṣán an, ẹ gbin hóró méjì sí ihò kan ní oṣù kẹrin, ìlà sí ìlà sẹ̀ǹtímítà 80, ihò sí ihò 40. Àmọ́ ọwọ́ àgbà ni a fi ń gbin mùkúnà. Ó ń gun igi, ó sì ń fún ọmọ igi lọ́rùn, nítorí náà ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni kí ẹnì kan máa gé e kúrò ní mítà kan yí igi kọ̀ọ̀kan ká. Nígbà tó bá di oṣù kejìlá, yóò gbẹ, yóò sì tẹ́ bí ẹní tó nípọn. Ẹní yẹn ń mú ilẹ̀ sàn, ṣùgbọ́n sìgá kan ṣoṣo lè sọ ọ́ di iná. Kí oṣù kọkànlá tó parí, ẹ ti ro ọ̀nà iná ní mítà márùn-ún yí oko ká, kí ẹ gbá a mọ́ títí iyẹ̀pẹ̀ á fi hàn, kí ẹ sì máa tún un gbá ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì títí òjò á fi dé. Ewé tó ń já bọ́ láti inú igbó ló ń ba ọ̀nà iná jẹ́.

Òkìtì ajílẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré ju mítà kan níbùú, lóròó àti lókè. Bó bá kéré, kò ní gbóná. Garawa koríko gbígbẹ méjì, garawa ewé tútù kan, ìdajì garawa ìgbẹ́ adìyẹ, ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ títí yóò fi ga. Ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo orí rẹ̀ nítorí òjò. Ẹ ti irin gígùn kan bọ àárín rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, bí ẹ bá fa irin náà yọ, kò gbọdọ̀ ṣeé dì mú pẹ́. Lọ́jọ́ karùn-ún ni kí ẹ yí òkìtì náà, kí èyí tó wà lẹ́yìn bọ́ sí inú, kí ẹ sì tún yí i ní ẹ̀ẹ̀mẹta sí i ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Ó máa ń ṣeé lò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Òórùn tó ń ta imú bí ìtọ̀ fi hàn pé ìgbẹ́ adìyẹ pọ̀ jù; ẹ fi koríko gbígbẹ kún un. Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́, omi ló pọ̀ jù. Bó bá tutù tí inú rẹ̀ sì funfun bí eérú, omi ni kò tó. Ẹ bù ú lẹ́kúnwọ́ kí ẹ fún un: ìkán omi kan tàbí méjì ló yẹ kó jáde, kò gbọdọ̀ ṣàn.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti igi

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ló ń bọ́ oko ní ọdún àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbin àrùn pẹ̀lú rẹ̀. Aràn inú gbòǹgbò àti kòkòrò tó ń gbẹ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bá ọmọ rẹ̀ wá láti oko ibi tí ẹ ti rà á. Ẹ gé gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ kúrò, ẹ fi ọ̀bẹ bó ìdí rẹ̀ títí yóò fi funfun láìsí àpá dúdú kankan, ẹ wá rì í sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ọgbọ́n yìí ni ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá náà sókè. Bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti se é. Èyí tí ẹ bó ní àárọ̀, ẹ gbìn ín kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Mítà mẹ́ta sí méjì la fi ń gbìn ín, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 1,667 lórí hẹ́kítà kan. Láti ìgbà tó bá ti yọ èso ni kí ẹ ti fi ọparun tì í, torí afẹ́fẹ́ tó ń ṣáájú òjò oṣù kẹrin kì í dá àgbagbà tó gbé èso sí.

Ẹ wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìdáná ní abúlé èyíkéyìí: ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí àwọn ọmọ ilé, ó sì ń so síbẹ̀. Ti oko, ọdún kejì ni yóò ti máa rẹ̀yìn. Èèpo iṣu, eérú àti omi abọ́ ló ṣe ìyàtọ̀. Bí ẹ kò bá lè gbé garawa ajílẹ̀ méjì sí ìdí kọ̀ọ̀kan lọ́dún, ẹ dín iye tí ẹ ń gbìn kù.

Lẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kòkó yóò wọlé, mítà mẹ́ta sí mẹ́ta, lábẹ́ òjìji rẹ̀. Igi ńlá á sì wà láàárín kòkó ní mítà 10 sí 12 síra: afàrà, ìdígbò, ọ̀gànwó, ìrókò, òro, àgbálùmọ̀. Hóró kòkó, àgbálùmọ̀ àti òro kì í gba ìfipamọ́. Bí ẹ bá sá wọn bí àgbàdo, wọ́n á kú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ bá ṣà wọ́n ni kí ẹ gbìn wọ́n sínú ọ̀rá. Iyẹ̀pẹ̀ garawa méjì, ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa garawa kan, yanrìn odò garawa kan la ń pò fún ọ̀rá. Iyẹ̀pẹ̀ oko yín ni o, kì í ṣe èyí tí a wà láti inú igbó ọba.

Ìrókò ló ń da ọ̀pọ̀ nọ́sìrì láàmú. Kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ́ Phytolyma máa ń yé ẹyin sí ewé rẹ̀ tuntun; ewé náà á wú kókó, á jẹrà, orí ọmọ igi á sì kú. Níbi tí ẹ bá to ìrókò 500 pọ̀ sójú kan, kòkòrò yìí ò ní wá oúnjẹ lọ sí ibòmíràn. Ẹ tú wọn ká láàárín ọmọ igi mìíràn, lábẹ́ òjìji díẹ̀, kí ẹ sì má gbin ju mẹ́wàá lọ sójú kan lóko. Ọ̀gànwó náà ní kòkòrò tirẹ̀ tó ń gbẹ́ inú ọ̀mùnú rẹ̀, tí igi á fi pẹ̀ka ní kékeré. Ìwòsàn kan náà ni: ẹ gbìn ín láàárín igi mìíràn, kí ẹ gé ẹ̀ka yòókù sílẹ̀, kí ẹ fi èyí tó tọ́ jù lọ sílẹ̀.

Fún kòkòrò àgbàdo tó dé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 2016, èyí tó ń wọ inú ọ̀mùnú àgbàdo tó sì ń yàgbẹ́ bí ìyẹ̀fun pákó síbẹ̀, ẹ gún hóró dóńgóyárò tó gbẹ, gíráàmù 500, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà 10 mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fún un sínú ọ̀mùnú ní ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, nítorí náà fífún ún láàárọ̀ kò ní èrè. Kòkòrò kékeré nìkan ló ń pa. Èyí tó ti tóbi, ọwọ́ ni kí ẹ fi mú un.

Àwọn ọmọ IT

Láti ọdún 1973 ni ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, ti dá SIWES sílẹ̀, ètò tó ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́. Àwọn ti yunifásítì sábà máa ń lo oṣù mẹ́fà, àwọn ti pólì oṣù mẹ́rin. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n wá kọ́. Wọn kì í ṣe lébìrà tí kò gbowó. Oko tó bá gbàgbé èyí, ilẹ̀ rẹ̀ gan-an ló máa ń kọ́kọ́ jìyà, torí ẹni tó ń roko láti àárọ̀ dalẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò sọ ìdí fún, ọmọ ìrókò àti koríko ló máa gé pọ̀.

Ẹ má gbà ju márùn-ún lọ fún alábòójútó kan. Kí wọ́n tó gbéra nílé, kí wọ́n ti rí ìwé tó sọ owó tí ẹ ó san tàbí pé ẹ kò ní san, ibi tí wọn yóò sùn, ohun tí wọn yóò jẹ, ọjọ́ ìsinmi àti iye wákàtí iṣẹ́. Ilé obìnrin àti ilé ọkùnrin yàtọ̀, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, alábòójútó kò sì gbọdọ̀ wọ yàrá ibùsùn wọn. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà olùdarí SIWES ilé ìwé wọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹni tí wọ́n bá fìyà jẹ lè rí ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá oko bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó ń pinnu ìyókù. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ mú wọn lọ kí baálẹ̀ abúlé. Kí àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí àwọn obìnrin kúnlẹ̀, kí Bàbá sì mọ orúkọ wọn. Ọmọ tí abúlé mọ̀ ni abúlé ń wá bí ó bá ṣìnà. Lọ́jọ́ kejì, aṣọ́gbó á mú wọn rin ààlà. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ó tó gba àdá, fáìlì tí a fi ń pọ́n àdá ni wọ́n ó sì kọ́kọ́ gbà, torí àdá tó kú ló ń fò kúrò lára igi tó ń ṣá ẹsẹ̀. Mítà mẹ́ta ni kí ẹnì kan fi jìnnà sí ẹnì kejì bí wọ́n bá ń ṣán oko.

Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ dé mẹ́wàá ààbọ̀, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n padà ní mẹ́ta ààbọ̀ dé márùn-ún ààbọ̀. Àárín méjèèjì wà fún ẹ̀kọ́ àti àkọsílẹ̀. Kí olúkúlùkù ní ilẹ̀ tirẹ̀, mítà 10 sí 10, tí orúkọ rẹ̀ wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Òun ni yóò yan ohun tí yóò gbìn síbẹ̀, láàárín ohun tó lè pọ́n kí ó tó lọ: tẹ̀tẹ̀ tí a ń ká ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ewédú tó ń gba mẹ́fà, àgbàdo tútù tó ń pé ní bí oṣù mẹ́ta. Ìdajì àárọ̀ ni ti ilẹ̀ rẹ̀, ìdajì ni ti oko àpapọ̀. Kí ó kọ ọjọ́ tí ó gbìn, iye hóró, iye ajílẹ̀ àti ìwọ̀n ohun tí ó kó. Kí ẹnì kan nínú wọn máa ka omi òjò ní aago méje àárọ̀ láti inú agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́, pẹ̀lú rúlà. Nígbà tí ọdún bá yí, ìwé yẹn ló máa sọ fún yín ọjọ́ tó yẹ kí ẹ gbin àgbàdo.

Àwọn tó bá dé ní oṣù kọkànlá kò ní bá òjò. Ẹ má fi wọ́n jókòó lásán. Àkùrọ̀, ọ̀nà iná, ṣíṣa irúgbìn igi àti kíkún ọ̀rá nọ́sìrì ni iṣẹ́ wọn, ìdí rẹ̀ nìyí tó fi yẹ kí ẹ ti ro àkùrọ̀ sílẹ̀ dè wọ́n ní oṣù kẹwàá.

Kí ẹnikẹ́ni tó roko níbi tí ọmọ igi wà, ẹ ri ọ̀pá tí a kun orí rẹ̀ ní pupa sí ìdí kọ̀ọ̀kan, kí ó ga ní mítà kan ààbọ̀. Ọ̀pá kúkúrú kò wúlò. Láàárín oṣù méjì, eèsún á ti ga jù ú lọ. Ẹ fi ọwọ́ tu ìdí igi náà kí àdá tó dé ibẹ̀. Ọmọ IT tó bá sì gé igi, ẹ pè é sẹ́yìn, ẹ fi ìdí igi hàn án, kí ó gbin méjì dípò rẹ̀. Bí ẹ bá pariwo mọ́ ọn lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, igi kejì tó bá gé, kò ní sọ fún yín.

Ìwé logbook wọn, ẹ máa fọwọ́ sí i ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ẹ máa kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì ní kí wọ́n yàwòrán: ẹni tó kọ "a roko" kò kọ nǹkan kan, ẹni tó yàwòrán ọ̀nà omi yàrà ti lóye rẹ̀. Form 8, ìyẹn fọ́ọ̀mù ITF tí ẹ ó fi jábọ̀ lórí iṣẹ́ wọn, kò gbọdọ̀ pẹ́ lọ́wọ́ yín lẹ́yìn tí wọ́n bá parí, nítorí máàkì wọn ń dúró dè é.

Oúnjẹ ni ọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ oko kò kà sí. Bí ìkòkò bá gbẹ ti ẹran, ọdẹ á gbé ẹtu tàbí ọ̀yà dé ẹnu ọ̀nà, ebi á sì bá àwọn ọmọ náà ra á. A kì í jẹ ẹran ìgbẹ́ lóko yìí, ṣùgbọ́n òfin yẹn ò lè dúró lórí ebi. Fún ènìyàn mẹ́fà lọ́sẹ̀ kan, ẹ pèsè kéréètì ẹyin kan, ẹ̀wà kílò mẹ́rin, àti ẹja gbígbẹ tó tó ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbín tí ẹ sìn nílé, tí ẹ fi ewé ìbẹ́pẹ bọ́, lè dípò ẹran. Èyí tí a ṣà nínú igbó ọba kò sí lára rẹ̀. Ẹ kó gbogbo oúnjẹ sínú ike tó ní ìdérí, nítorí eku ló ń gbé ibà Lassa, ìpínlẹ̀ Oǹdó tó múlé gbè wá sì ti mọ àrùn náà dáadáa. Ẹ má sá gààrí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ejò àti àdá

Bàtà rọ́bà tó dé ojúgun jẹ́ dandan ní gbogbo àkókò, iná tọ́ọ̀ṣì ní gbogbo alẹ́, ẹ má sì to igi ìdáná ti ògiri ibùsùn. Bí ejò bá bu ẹnì kan jẹ, kí ó jókòó, kí ó má rìn. Ẹ bọ́ òrùka àti bàtà rẹ̀, ẹ fi pákó di ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà kó má baà mì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. A kì í fi okùn dè é pinpin, a kì í sín gbẹ́rẹ́ sí i, a kì í fi ẹnu fa á, a kì í sì lépa ejò náà. Iṣẹ́ yín ṣáájú ọjọ́ yẹn ni láti mọ ilé ìwòsàn tó ní oògùn oró ejò lọ́wọ́ lóòótọ́, irú èyí tó kan sèbé àti paramọ́lẹ̀, kí ẹ sì ti gbé mọ́tò débẹ̀ lọ́jọ́ òjò kí ẹ lè mọ iye wákàtí tí ọ̀nà gbà. Ẹ máa pe wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan láti béèrè bóyá oògùn náà ṣì wà. Kí gbogbo ọmọ IT ti gba abẹ́rẹ́ ipá kí wọ́n tó dé, kí wọ́n sì máa sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn

Ẹ̀gẹ́ ń gba oṣù mẹ́wàá sí méjìlá, kòkó ń gba ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọmọ IT sì ń lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Bí àwọn tó ń lọ àti àwọn tó ń bọ̀ kò bá pàdé, oko á máa bẹ̀rẹ̀ lọ́tun ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ ṣètò kí ọ̀sẹ̀ kan pa wọ́n pọ̀. Kí ẹni tó ń lọ mú ẹni tó dé rin ilẹ̀ rẹ̀, kí ó fi ibi tí omi ti ń dúró hàn án, ibi tí ọ̀yà ti ń wọlé, igi tó ń ṣàárẹ̀. Kí ó kó irúgbìn ewébẹ̀ rẹ̀ tó gbẹ dáadáa sínú ìgò, kí ó po eérú gbígbẹ tí kò gbóná mọ́ ọn, kí ó dé e pa, kí ó lẹ orúkọ àti ọjọ́ mọ́ ọn. Kí àwọn méjèèjì wá jọ rin ààlà pẹ̀lú aṣọ́gbó, kí wọ́n ka òpó funfun, kí wọ́n kọ iye tó dúró àti iye tó ti wó sínú ìwé, kí wọ́n sì ri àwọn tó wó mọ́lẹ̀ padà kí mọ́tò ẹni tó ń lọ tó dé.